Aró Atànmọ́lẹ̀ fún Super-resolution: Àwọn Ìbéèrè Tí Mo Máa Ń Gbọ́ Jù

Láti ìgbà tí mo ti ń fi aró sí sẹ́ẹ̀lì, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń bi mí ní oríṣiríṣi ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ yìí, kí ló dé tí àwòrán mi ò mọ́?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Aró ló wà nídìí ọ̀rọ̀, tàbí ohun tí a fi so aró mọ́ purotéènì. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn nínú láàbù.

Kí ni super-resolution, kí sì ni ààlà tó rékọjá?

Ẹ rántí bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe máa ń rí tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè lálẹ́. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ dà bí ẹyọ kan. Ó dìgbà tó bá sún mọ́ yín kí ẹ tó mọ̀ pé méjì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àmọ́ níbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè sún mọ́ ọn ju ibi tí lẹ́ǹsì gbà wá láyè dé. Ní 1873, Ernst Abbe tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Jena ní Jámánì ṣàlàyé pé ohun méjì tí àárín wọn kò bá tó nǹkan bí ìdajì ìgbì ìmọ́lẹ̀ yóò dà pọ̀ di ọ̀kan lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé àti lẹ́ǹsì tó dára gan-an, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 200 nánómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 80,000 nánómítà, nítorí náà 200 kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n máíkírótúbù, ọ̀pá tín-ín-rín tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró, kò ju 25 lọ, ọ̀pọ̀ purotéènì kò sì ju nánómítà mélòó kan.

Super-resolution ni orúkọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá láti kọjá ibi tí Abbe fà ìlà sí. Stefan Hell gbé èrò STED jáde ní 1994, ó sì fi hàn ní 2000 pé ó ṣiṣẹ́. W. E. Moerner ti fi ìmọ́lẹ̀ dá mólékù kan ṣoṣo mọ̀ ní 1989. Eric Betzig gbé ọ̀nà tirẹ̀, PALM, jáde ní 2006, ọdún kan náà tí Xiaowei Zhuang ní Harvard gbé STORM jáde. Hell, Moerner àti Betzig ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Nobel ti kẹ́místrì ni wọ́n fún wọn, kì í ṣe ti físíìsì, mo sì gbà pé ibi tó yẹ ẹ́ nìyẹn, torí inú aró ni ọgbọ́n náà sá sí.

Báwo ni aró ṣe di olórí ọ̀rọ̀? Ṣebí lẹ́ǹsì la fi ń wòran?

Purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì kò ní àwọ̀ tí a lè rí. Aró tí a so mọ́ ọn nìkan là ń rí.

Nínú STORM àti PALM, a máa ń jẹ́ kí àwọn aró tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má tàn pa pọ̀. Kámẹ́rà á rí àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí 250 nánómítà, kọ̀ǹpútà á wá wá àárín gbùngbùn rẹ̀. Bí fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, tí aró náà tú jáde bá ṣe pọ̀ tó ni àárín yẹn ṣe máa dá wa lójú tó: ẹ mú ìdajì fífẹ̀ àbàwọ́n náà, kí ẹ fi gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì (square root) iye fótọ́ọ̀nù pín in. Aró tó tú 100 fótọ́ọ̀nù jáde á fún yín ní nǹkan bí 12 nánómítà. Èyí tó tú 10,000 jáde á fún yín ní díẹ̀ lé ní 1. Lẹ́ǹsì kan náà ni, kámẹ́rà kan náà ni. Aró nìkan ló yàtọ̀.

STED ní tirẹ̀ máa ń lo lésà méjì. Èkíní ń tan aró, èkejì rí bí òrùka tó yí i ká, ó sì ń pa gbogbo aró tó wà létí kí àárín nìkan lè tàn. Lésà kejì yẹn le gan-an. Aró tí kò lè fara da ìyà á ti kú kí àwòrán tó parí.

Kí ló dé tí aró mi ń ṣá kíákíá?

Tí aró bá gba ìmọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ á gòkè, á sì tún sọ̀ kalẹ̀ láàárín nánósẹ́kọ́ńdì mélòó kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń yà sí ipò kan tí wọ́n ń pè ní triplet, á sì há síbẹ̀ fún ìgbà tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń bá a. Ọ́síjìn á gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀, á di oníjàgídíjàgan, á sì yí padà bu aró jẹ. Aró tó bá ti ṣá báyìí kò ní tàn mọ́ láéláé.

Ẹ lè sọ pé kí a ṣáà lé ọ́síjìn jáde. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí ọ́síjìn yìí kan náà ló ń tú aró sílẹ̀ nínú triplet. Tẹ́ ẹ bá lé e tán láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, aró á há síbẹ̀, á ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi Trolox, kẹ́míkà tó ń tú aró sílẹ̀ nínú triplet, tàbí irú rẹ̀ sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ti so èyí tí wọ́n ń pè ní cyclooctatetraene mọ́ aró fúnra rẹ̀, kí olùtúnisílẹ̀ máa bá a rìn níbikíbi tó bá lọ. Mo fẹ́ràn èrò yẹn gan-an.

Fún dSTORM, ẹ̀yà STORM kan, bọ́fà (omi tí a ń da sórí sẹ́ẹ̀lì) tí mo ń pò láàárọ̀ ní gúlúkóòsì, ẹ́ńsáìmù méjì (glucose oxidase àti catalase), àti MEA, kẹ́míkà tó ń mú kí aró máa ṣẹ́jú, nínú. MEA ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, nítorí náà mo máa ń pò ó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fa jáde. Glucose oxidase ń jẹ ọ́síjìn inú omi náà, catalase ń pa hydrogen peroxide tó bá yọ nínú iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ásíìdì ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú, omi náà á sì máa kan díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń fi gíláàsì pẹlẹbẹ dé e kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, mo sì máa ń kọ aago tí mo pò ó sára rẹ̀. Tó bá ti lé ní wákàtí méjì, mo máa ń da á nù. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n ní kí n wá wò torí pé aró kò ṣẹ́jú mọ́, bọ́fà àná ló wà lórí rẹ̀.

Aró wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Tó bá jẹ́ dSTORM lórí sẹ́ẹ̀lì tí a ti fi fọ́málíìnì dè, Alexa Fluor 647. Bí MEA bá fara kan án, á so mọ́ ọn, aró á kú fúngbà díẹ̀, á tún jí, á tàn, á tún kú. Ní gbogbo ìgbà tó bá jí, ó lè tú nǹkan bí 5,000 fótọ́ọ̀nù jáde. Mi ò tíì rí èyí tó rọrùn bíi tirẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Fún STED, ATTO 647N tàbí SiR. Fún sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ẹ ka ìdáhùn tó kàn.

Kí ló yàtọ̀ nínú àwọn aró Janelia Fluor tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Rhodamine jẹ́ aró àtijọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ní apá náítírójìn tí èròjà kéékèèké méjì rọ̀ mọ́. Nígbà tí aró bá ti gba ìmọ́lẹ̀, apá yìí lè yí bìrí, agbára tó yẹ kó jáde bí ìmọ́lẹ̀ á sì bá yíyí náà lọ. Luke Lavis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Janelia, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, yọ èròjà méjì yẹn kúrò, wọ́n sì fi òrùka kékeré oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin, azetidine, rọ́pò wọn. Apá ò rọ́nà yí mọ́. TMR, rhodamine tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ń dá 41 nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá gbà padà. JF549, èyí tí wọ́n tún ṣe, ń dá 88 padà. Ọdún 2015 ni wọ́n gbé e jáde. Átọ́ọ̀mù mélòó kan péré ni wọ́n yí, aró sì tàn ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí mo bá ya àwòrán mólékù méjèèjì sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń ní kí wọ́n wá ìyàtọ̀ wọn fúnra wọn. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

SiR, tí ẹgbẹ́ Kai Johnsson gbé jáde ní 2013, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n yọ ọ́síjìn tó wà láàárín rhodamine, wọ́n fi sílíkónì sípò rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì sún lọ sí pupa jíjìn tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára tó ìmọ́lẹ̀ búlúù. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tó ní. Tí SiR bá ń rìn kiri lásán, ó máa ń ká ara rẹ̀ pọ̀, kì í ní àwọ̀ kankan. Tó bá ti mú ibi tó yẹ kó mú, á ṣí, á sì tàn. Kò di dandan kí ẹ máa fọ sẹ́ẹ̀lì ní àfọ̀túnfọ̀ kí ẹ tó wò ó.

Áńtíbọ́dì ni mo ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Kí ló burú nínú rẹ̀?

Kò burú. Áńtíbọ́dì, purotéènì tí a fi ń mú purotéènì tí a fẹ́ wò, ló tóbi. Tẹ́ ẹ bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn pẹ̀lú okùn gígùn, tí ẹnì kan sì ń wo ewúrẹ́ náà láti òkè lóru, kò lè sọ ibi tí èèkàn wà gan-an. Aró ni ewúrẹ́, purotéènì ni èèkàn. Áńtíbọ́dì kan gùn tó nánómítà 10 sí 15. Àṣà wa sì ni láti fi èkejì, tó gbé aró dání, lé èkíní lórí. Máíkírótúbù tó fẹ̀ ní 25 nánómítà á wá hàn bí ohun tó fẹ̀ tó 60. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ kò lè rí ohun tó kéré ju 200 lọ, ta ló máa mọ̀? Ní báyìí, ó hàn gbangba.

Ràkúnmí ló mú ojútùú kan wá. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Brussels kéde pé ràkúnmí àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní irú áńtíbọ́dì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àmọ́ tí kò ní ẹ̀wọ̀n fúyẹ́ tí ti àwọn ẹranko yòókù ní. Ẹ gé orí rẹ̀ nìkan, ẹ ní nánóbọ́dì: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n áńtíbọ́dì, kò ju nánómítà mẹ́rin lọ ní gígùn. Okùn ewúrẹ́ ti kúrú nìyẹn. Ní 2012, wọ́n fi nánóbọ́dì tó ń mú GFP (purotéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé) ṣe super-resolution, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ẹnì kan bá ti fi GFP sí tẹ́lẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Àléébù rẹ̀ ni pé aró kan tàbí méjì péré ló lè gbé, kò sì tíì sí nánóbọ́dì fún ọ̀pọ̀ purotéènì.

Ṣé GFP nìkan ò tó?

GFP tí Osamu Shimomura yọ lára ẹran omi jẹ́lífíṣì ní 1962 yí iṣẹ́ wa padà, Nobel 2008 sì tọ́ sí i àti sí Martin Chalfie àti Roger Tsien. Láìsí irú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń jí dìde, tí George Patterson àti Jennifer Lippincott-Schwartz ṣe ní 2002, Betzig àti Harald Hess ì bá má rí ohun tí wọ́n máa fi dán ẹ̀rọ tí wọ́n tò sínú pálọ̀ ilé Hess ní La Jolla wò. Ṣùgbọ́n fótọ́ọ̀nù tí irú purotéènì bẹ́ẹ̀ ń tú jáde kò tó ti aró tí a pò nínú láàbù.

Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí ẹ fi HaloTag tàbí SNAP-tag sí jíìnì náà, kí ẹ wá fún un ní JF tàbí SiR. Purotéènì yín á gbé ìkọ́, aró á fi ara rẹ̀ kọ́ ọ. SNAP-tag jẹ́ nǹkan bí 20 kílódálítọ̀ọ̀nù (òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù), HaloTag 33, GFP 27. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo CRISPR, ọgbọ́n tí a fi ń tún jíìnì kọ, láti fi ìkọ́ náà sínú jíìnì sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn da púpọ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì á kún àkúnya, ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni ẹ máa bá a.

Ìkọ́ tó kéré jù lọ tí mo mọ̀ ni amino acid kan ṣoṣo tí a yí padà, tí aró sì mú pẹ̀lú irú kẹ́místrì tí wọ́n ń pè ní click, èyí tó gba Nobel 2022. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ okùn ewúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Àwòrán máíkírótúbù mi rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, kò rí bí okùn. Ṣé ó já lóòótọ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má já. Ó ṣeé ṣe kí àmì yín má pọ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ohun tó jẹ́ 20 nánómítà, ó kéré tán, àmì kan gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo 10 nánómítà. Kò sí bí aró ṣe lè tàn tó, ibi tí àmì ò bá sí, òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa "àwọn ìṣùpọ̀ purotéènì" tó jẹ́ pé àìtó áńtíbọ́dì ló dá wọn sílẹ̀. Ó dun òun, ó dun èmi náà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ iye àmì tó mú? Ẹ fi ohun tí ẹ ti mọ iye rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ihò tó wà lára awọ ọkàn sẹ́ẹ̀lì, èyí tí purotéènì ń gbà wọlé jáde, ni òṣùwọ̀n tó dára jù. Purotéènì Nup96 wà níbẹ̀ ní ẹ̀dà 32, ó tò yí ihò náà ká sí igun 8, nínú òrùka tó fẹ̀ tó nǹkan bí 107 nánómítà. Ní 2019, ẹgbẹ́ kan ní EMBL, ilé ìwádìí kan ní Heidelberg ní Jámánì, gbé sẹ́ẹ̀lì jáde tí Nup96 wọn ti ní GFP, SNAP tàbí HaloTag lára. Ẹ fi aró yín sí i, ẹ wò ó, ẹ ka igun tó hàn. Tí ihò kan bá fi igun 8 hàn, tí èkejì fi 7 hàn, inú yín á dùn. Tó bá jẹ́ 4 tàbí 5 lẹ ń rí káàkiri, ẹ má tíì fọwọ́ kan purotéènì tó ń ṣe yín ní kàyéfì. Àmì lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí òrùka náà yọ lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àmì tó ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù, mo dìde dúró lórí àga. Igun mẹ́jọ, wọ́n pé pérépéré.

Mo so aró mọ́ áńtíbọ́dì fúnra mi, kò mú. Kí ni mo ṣe?

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Aró tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ìdè NHS ester máa ń mú amine, èròjà oní-náítírójìn, lára purotéènì. Mo fi aró tó wọ́n bí ojú sí áńtíbọ́dì, mo dúró fún wákàtí kan, mo sẹ́ ẹ, gbogbo àwọ̀ sì bá omi lọ. Bọ́fà Tris ni wọ́n fi gbé áńtíbọ́dì náà wá, Tris fúnra rẹ̀ sì jẹ́ amine. Gbogbo aró mi ló ti lọ mú bọ́fà. Láti ọjọ́ náà, mo kì í ṣí ìgò aró láìtíì ka ohun tó wà lára ìgò áńtíbọ́dì. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bọ́fà sí bicarbonate, pH 8.3, kí ẹ sì jẹ́ kí ìgò aró móoru dé ìwọ̀n yàrá kí ẹ tó ṣí i, torí omi tó bá sẹ̀ sínú rẹ̀ á ba NHS jẹ́. Bákan náà, ẹ má fi aró kún áńtíbọ́dì àkúnya: tí wọ́n bá fara kanra, wọ́n ń pa iná ara wọn. Fún dSTORM, ọ̀kan tàbí méjì tó.

Aró ń mú ibi gbogbo, títí kan gíláàsì lásán.

Ẹ rántí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí aláró kò bá fẹ́ kí ẹ̀lú dé, ó máa ń fi ẹ̀kọ lááfún kùn ún kó tó ri aṣọ bọ inú ìkòkò. BSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, tí a fi ń bo sẹ́ẹ̀lì kí áńtíbọ́dì tó wọlé, iṣẹ́ ẹ̀kọ náà ló ń ṣe. Ẹ má kánjú níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé DNA-PAINT kò ka ṣíṣá sí?

Òótọ́ ni. Ralf Jungmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2010. Ẹ máa fi okùn DNA kúkúrú kan sára purotéènì, ẹ máa da èkejì rẹ̀, tó gbé aró, sínú omi. Yóò wá mú, yóò dúró díẹ̀, yóò já kúrò, òmíràn á sì wá gba ipò rẹ̀. Èyí tó bá ṣá ti lọ, ọ̀pọ̀ ló wà nínú omi. Ẹ tún lè fọ omi yẹn dànù, kí ẹ da okùn tó yàtọ̀ sí i, kí ẹ wo purotéènì kejì, ìkẹta, ìkẹrin pẹ̀lú aró kan ṣoṣo. Àmọ́ ó ń lọ́ra: wákàtí lórí wákàtí fún àwòrán kan. Sẹ́ẹ̀lì tí a ti dè ló bá a mu jù.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní irú ẹ̀rọ yìí. Kí la lè ṣe?

Ẹ sọ sẹ́ẹ̀lì náà di ńlá. Ní 2015, ẹgbẹ́ Ed Boyden ní MIT fi irú èròjà tó ń fa omi nínú páńpà ọmọ ọwọ́ ṣe jẹ́ẹ̀lì sínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n da omi sí i, gbogbo rẹ̀ sì wú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ́nà gbogbo. Máíkírósíkóòpù atànmọ́lẹ̀ lásán á wá rí ohun tó jẹ́ nǹkan bí 70 nánómítà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, mo sì ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá ní máíkírósíkóòpù bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Èkó tàbí Kútọnu pé kó gbìyànjú rẹ̀.

Níbí náà, aró ló máa dá yín dúró tẹ́ ẹ ò bá ṣọ́ra. Bí jẹ́ẹ̀lì bá ti ń dì, ó máa ń pa àwọn aró ìdílé cyanine, Alexa 647 tí mo ti ń yìn láti òkè wà lára wọn. Ẹ lo Alexa 488 tàbí ATTO 565, tàbí kí ẹ dúró kí jẹ́ẹ̀lì wú tán kí ẹ tó fi aró sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó ti wú á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí lójú lásán, á mọ́ gaara bí omi, nítorí náà ẹ gé igun kan lára jẹ́ẹ̀lì náà kí ẹ lè mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí òkè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunǹkan gbé e, ẹ má fi ìka gbé e. Ó máa ń já.